Ọgbẹ́ Ara Igi Rọ́bà

Nígbà tí fóònù dún, tí Ìyá Olódòdó rí orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé ẹnì kan tún ti kú. Oṣù mọ́kànlá gbáko ni àwọn méjèèjì kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Orí àkàbà ló wà nínú gbọ̀ngàn báǹkì kan, tó ń fi àkísà tútù nu eruku kúrò lára ewé, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: òun ló ń tọ́jú àwọn òdòdó àti igi inú ìkòkò káàkiri ọ́fíìsì àti òtẹ́ẹ̀lì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́ sára aṣọ iṣẹ́, ó gbé fóònù sétí.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Igi Màmá ń kú." Kò dá a lóhùn ìkíni, kò béèrè àlàáfíà. "Ewé rẹ̀ ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Télọ̀ sì ń bọ̀ wá wò ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà òní. Wá bá mi wò ó."

"Igi tí ẹ ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn mọ́?"

"Ṣé wàá wá, àbí o ò ní wá?"

"Màá wá. Sátidé."

Bó ṣe pa fóònù ni ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó rín in débi pé ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà báǹkì náà yọjú. "Ìyá Olódòdó, lọ́tìrì lẹ jẹ ni?"

"Ó ju lọ́tìrì lọ," ló wí, ó sì padà gun orí àkàbà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín àwọn ọmọ ìyá méjì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogún. Ọdún méje ni Ìyá Olódòdó fi bá ìyá wọn gbé lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ Màmá kò gbé wọn dáadáa mọ́. Òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń gé èékánná wọn, òun ló ń gbé wọn dìde lórí àga. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń ta aṣọ ojú fèrèsé, tí gbogbo èèyàn sì ń pè ní Àǹtí Kọ́tìnnì, ìgbà tó bá wù ú ló ń yà wá, tòun ti lọ́fínńdà àti ariwo. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, iṣẹ́ ńlá kan já lé Ìyá Olódòdó lọ́wọ́, ó sì bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó wá jókòó ti Màmá. Aago mẹ́jọ àárọ̀ géérégé ni Àǹtí Kọ́tìnnì dé, báàgì àpẹẹrẹ aṣọ rẹ̀ kọ́ èjìká. Àbúrò fi Màmá lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n máa ń fẹ́ dá dìde." Ó bá tirẹ̀ lọ. Ní aago méjì ọ̀sán, wọ́n pè é pé Màmá ti ṣubú, egungun ìbàdí wọn ti ṣẹ́.

Màmá kò sọ gbólóhùn kan mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi wà ní ilé ìwòsàn, tí Ìyá Olódòdó ń sùn sórí àga onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò délé. Wọn kò jí ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Kí wọ́n tó gbé wọn sin, ọ̀rọ̀ kan ti gba gbogbo ẹbí kan: pé Ìyá Olódòdó ló ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìyá rẹ̀, tó lọ ń fọ ewé fún àwọn olówó, pé Àǹtí Kọ́tìnnì kò tilẹ̀ mọ nǹkan kan, pé ó kàn yà kí Màmá ní aago méjì ni, ló bá wọn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀.

Ìyá Olódòdó sọ̀rọ̀ títí. Kò sí ẹlẹ́rìí. Bí Àǹtí Kọ́tìnnì bá ń sunkún, gbogbo ènìyàn á máa wá áńkáṣíìfù kiri. Bí inú bá ń bí Ìyá Olódòdó ní tirẹ̀, ojú rẹ̀ á le koránkorán bí pákó, ta ló sì ń ṣàánú pákó? Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n pààrọ̀ àgádágodo ilé. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá kan tí òrùlé rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èèyàn lórí. Kò ka èyí sí. Ohun tó dùn ún dé mùdùnmúdùn ni pé Àǹtí Nọ́ọ̀sì, àbúrò Màmá, tó máa ń pè é ní gbogbo Sọ́ńdè, kò pè mọ́. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà kan, ọmọ ọmọ Bàbá Télọ̀ tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Màmá, pàdé rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì bi í gbangba pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ pa Ìyá Àgbà?" Ìyá ọmọ náà fà á lọ́wọ́ lọ. Kò bá a wí.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Nítorí náà, ní àárọ̀ Sátidé, Ìyá Olódòdó di àwọn ohun èlò rẹ̀ sínú báàgì: ọ̀bẹ alápá gígùn, sísọ́ọ̀sì, okùn, ìbọ̀wọ́, ìwé ìròyìn àtijọ́. Ó fi àpò iyọ̀ ńlá kan lé e. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Iyọ̀ kì í pa igi lọ́jọ́ kan. Bí a bá pò ó mọ́ ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò, igi náà á kọ́kọ́ dúró, ewé rẹ̀ á tún máa dán, onílé á máa yangàn. Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkarùn-ún, etí ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí ìwé tí iná rá, gbogbo rẹ̀ á sì wọ́ sílẹ̀ lójú Bàbá Télọ̀ tó fúnra rẹ̀ fún Màmá ní igi náà nígbà tó ṣì wà nínú agolo mílíìkì. Ó ń rò ó bẹ́ẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó sì ń dùn mọ́ ọn bí adùn.

Ilé tí wọ́n ti lé e jáde kò yí padà níta. Inú ló yí. Kọ́tìnnì olówùú nípọn ni Àǹtí Kọ́tìnnì fi dí gbogbo ojú fèrèsé, ìlọ́po méjì méjì, pálọ̀ wá ṣókùnkùn bí inú àpótí. Igi rọ́bà náà wà ní kọ̀rọ̀, ó ga ju àgbàlagbà ọkùnrin lọ ní apá kan, wọ́n sì ti gbé ìkòkò àtijọ́ rẹ̀ sínú ìkòkò idẹ ńlá kan tó ń dán. Ewé mẹ́rin ló wà nílẹ̀ ní ọjọ́ náà nìkan, wọ́n pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

"Ẹ ń bomi rin ín?" ni Ìyá Olódòdó béèrè.

"Láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́! Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi òùngbẹ pa á."

Ìyá Olódòdó ki ọwọ́ bọ àlàfo ìkòkò idẹ náà. Omi dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Òórùn rẹ̀ dà bí ti àkísà tí wọ́n gbàgbé sínú korobá. "Ẹ̀gbọ́n mi, òùngbẹ kọ́ ló ń pa á. Ó ń rì sómi ni."

"Ta ló ń rì sómi nínú pálọ̀?"

"Ìkòkò idẹ yìí kò ní ihò nísàlẹ̀. Omi tí ẹ ń dà sí i ò rí ibi gbà jáde, gbòǹgbò rẹ̀ ti ń rà. Kọ́tìnnì yín kò sì jẹ́ kó rí ìmọ́lẹ̀."

"Kọ́tìnnì yẹn ni àwọn oníbàárà mi ń wá wò!"

"Igi náà ò fẹ́ rà á."

Àǹtí Kọ́tìnnì wò ó fìrí, ó wá a tì bóyá ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe, ó kọjú sí fóònù rẹ̀.

Wọ́n yọ ọ́ nínú ìkòkò idẹ, wọ́n jọ wọ́ igi náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá Olódòdó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó fi okùn kó àwọn ẹ̀ka jọ kí wọ́n má baà ṣẹ́, ó dà á dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fi ọ̀bẹ yí etí ìkòkò ká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á ní ìdí. Ìkòkò kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Nígbà tó jáde, gbòǹgbò ti wé mọ́ra wọn roboto bí òṣùká, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilẹ̀ láàárín wọn mọ́. Ó jókòó tì í, ó ń tú u lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó dúdú tó rọ̀, ó gé e sọnù. Èyí tó funfun tó le, ó fi sílẹ̀. Bí sísọ́ọ̀sì bá kan ibi tó ṣì yè, oje funfun á yọ lójú ẹsẹ̀ bí wàrà. Iyọ̀ wà nínú báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti mọ iye tó máa bù.

Ìgbà tó ń yí igi náà padà ló rí ọgbẹ́ kan ní ìdí ẹ̀ka tó tóbi jù, níhà tó máa ń kọjú sí ògiri. Ẹ̀ka náà ti ya rí, ó ti tún so mọ́ra, ó wú bí ojú egungun tó jinná láìtọ́. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, aláwọ̀ ojú ọ̀run tó ní ìlà wúrà, wà níbẹ̀ tí wọ́n dì pinpin, èèpo igi ti ń gbé e mì.

"Kí ló ṣe ibí yìí?" Ó kàn béèrè ni, ó fẹ́ tú aṣọ náà.

"Má tú u o!" Àǹtí Kọ́tìnnì kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. "Màmá ló ya á. Wọ́n dì í mú bí wọ́n ṣe fẹ́ dá dìde. Èmi ni mo dì í padà, ọwọ́ mi ló mú un yè."

Fóònù rẹ̀ dún. Oníbàárà kan ni. Ó dìde, ó wọlé, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè lórí ọ̀rọ̀ fèrèsé mẹ́ta àti fèrèsé márùn-ún.

Ìyá Olódòdó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn gbòǹgbò náà, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ojoojúmọ́ ayé, fún ọdún méje, ni òun fúnra rẹ̀ fi ń nu igi yìí. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dé, ó nu ẹ̀ka yìí gan-an, kò sí ọgbẹ́, kò sí aṣọ. Láti Ọjọ́bọ̀ yẹn náà ni wọ́n ti gbé Màmá lọ, wọn kò sì padà wọ ilé yìí mọ́. Nígbà wo wá ni Màmá dìde, tí wọ́n di ẹ̀ka mú, tí Àǹtí Kọ́tìnnì sì wà nítòsí láti fi àpẹẹrẹ aṣọ dì í? Ọjọ́ kan ṣoṣo ló lè jẹ́. Ẹni tó ní aago méjì lòun dé, tó bá Màmá nílẹ̀, ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun rí Màmá lórí ìdúró. Kò sì mọ̀ pé òun sọ ọ́.

Ó fẹ́ dìde kó wọlé lọ dì í lọ́rùn mú. Ó dúró. Bó bá pariwo nísinsìnyí, ẹnu àwọn méjì péré ló máa wà, ọ̀rọ̀ pákó àti ọ̀rọ̀ áńkáṣíìfù náà ni. Ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ létí ẹlòmíràn. Ó sì mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan: kò sí iṣẹ́ rere kan lábẹ́ ọ̀run tí Àǹtí Kọ́tìnnì lè jókòó gbọ́ kí wọ́n fún ẹlòmíràn ní ìyìn rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà jáde, Ìyá Olódòdó na àpò iyọ̀ sí i. "Ẹ gbà. Mo rà á fún yín. Ẹ máa fi se oúnjẹ."

"Iyọ̀ kẹ̀?" Ó yà á lẹ́nu. "O ṣé o."

Láti ìṣẹ́jú náà, kò tún sí igi tí wọ́n tọ́jú tó bẹ́ẹ̀. Ó ra ìkòkò amọ̀ tuntun tó fi ìka mẹ́rin fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, tó ní ihò mẹ́ta nísàlẹ̀. Ó tẹ́ àpáàdì sí i kí ihò má baà dí, ó po ilẹ̀ dúdú mọ́ iyanrìn àti èédú tó gún kúnná, ó gbé igi náà lé e láìjẹ́ kó jìn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, ó fi ọ̀pá tì í lẹ́yìn. Ó bomi rin ín títí omi fi yọ nísàlẹ̀, ó wá fi òfin lélẹ̀.

"Ẹ má bomi rin ín mọ́, àfi bí ẹ bá ki ìka bọ ilẹ̀ rẹ̀ tó gbẹ dé oríkèé kejì. Kọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ yìí gbọ́dọ̀ máa wà ní ṣíṣí. Màá máa wá ní gbogbo Sátidé."

"Gbogbo Sátidé? Gba ẹ̀yìn wọlé o. Àwọn aládùúgbò ń wò."

"Màá gba ẹ̀yìn."

Ó gba ẹ̀yìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi gba ẹ̀yìn wọ ilé tó ti tọ́jú ìyá rẹ̀, bí ẹni tó wá kó ìdọ̀tí. Ó ń nu ewé lójú àti lẹ́yìn, ó ń yí ìkòkò díẹ̀díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ kárí, ó ń fi ọṣẹ fífúyẹ́ fọ kòkòrò kúrò. Ó ń bọ́ igi náà bí ẹni ń sin ẹran tó ti mọ ọjọ́ tí òun máa pa á. Nígbà mìíràn, tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nítòsí, ó máa ń sọ̀rọ̀ sí i wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé, "Dúró dáadáa. O ní ẹjọ́ tí o máa rò." Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ewé kò já mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, èèpo pupa tó ṣọ́ṣọ́ kan yọ lórí, ó là, ewé tuntun tó ń dán bí bàtà ìgbéyàwó sì jáde. Àǹtí Kọ́tìnnì ń pe àwọn aládùúgbò wọlé wá wò ó. Ó ń sọ fún wọn pé sùúrù ni òun fi ń ṣe é.

Ọjọ́ tí Bàbá Télọ̀ ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kì í nílọ̀ pé kó ti lọ kí aago mẹ́rin tó lù. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ìyá Olódòdó ṣì wà lórí àpótí, tó ń nu ewé kan náà fún ìgbà kẹta.

"O ò tíì lọ?"

"Ó ku ewé kan, ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n kan ìlẹ̀kùn. Bàbá Télọ̀ wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ àti gíláàsì dúdú, nítorí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un. Aránṣọ ni kó tó fẹ̀yìn tì, òun sì ni ẹ̀gbọ́n Màmá, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń múlẹ̀ nínú ẹbí. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ló dì í lọ́wọ́ mú. Nígbà tí wọ́n rí Ìyá Olódòdó, ojú àwọn méjèèjì fà ro.

"Ìwọ náà wà níbí?" ni Bàbá Télọ̀ wí.

"Ẹ káàbọ̀ sà. Iṣẹ́ ni wọ́n pè mí fún. Mo ń lọ."

Bàbá Télọ̀ sún mọ́ igi, ó bọ́ gíláàsì, ó ń fi àtàǹpàkò gba ojú ewé bí ìgbà tó ń yẹ aṣọ wò kó tó rà á. Àǹtí Kọ́tìnnì dúró tì í, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ìka àgbàlagbà náà ń gun ẹ̀ka lọ, ó dé ibi tó wú.

"Kí ló wà níbí? Aṣọ?"

"Ẹ̀ka náà ló ya rí, Bàbá," ni Ìyá Olódòdó wí, tó ń ká àkísà rẹ̀. "Ẹni tó dì í padà gbọ́n púpọ̀. Èmi tí mo ń jẹun nínú iṣẹ́ yìí, n kò lè dì í dáa tó bẹ́ẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé ó dì í lójú ẹsẹ̀, tí oje ṣì ń ṣàn, igi yìí ì bá ti kú. Mo mọ̀ pé Màmá fúnra wọn ni. Wọ́n lọ́wọ́ sí i."

"Màmá kẹ̀!" Àǹtí Kọ́tìnnì rẹ́rìn-ín. "Màmá tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n? Èmi ni mo dì í o."

"Ẹ̀yin? Ó ní láti jẹ́ pé lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan…"

"Ọjọ́ mélòó wo? Lójú ẹsẹ̀! Màmá fẹ́ dá dìde, wọ́n gbá ẹ̀ka mú, ó ya gbàrà. Mo dá wọn jókòó padà, mo fa aṣọ yọ nínú báàgì mi, mo dì í kí oje tó kán sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ ò rí i? Aṣọ mi nìyí."

"Ọjọ́ wo nìyẹn?"

Kì í ṣe Ìyá Olódòdó ló béèrè. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni. Ó ti gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀.

"Ọjọ́… ọjọ́ kan ni."

"Mo wá kí ẹ̀gbọ́n mi ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni wọ́n ṣubú. Abẹ́ igi yìí ni mo jókòó sí. Orí ẹ̀ka yìí ni mo fi gíláàsì mi kọ́, tí mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, tí mo tún padà wá mú un. Ó dúró ṣinṣin. Kò sí aṣọ lára rẹ̀."

Bàbá Télọ̀ tún gíláàsì rẹ̀ wọ̀, ó sì yí ojú sí Àǹtí Kọ́tìnnì. "Láti Ọjọ́bọ̀, àbúrò mi kò padà wọ ilé yìí mọ́ títí wọ́n fi gbé e sin. Ìwọ sọ fún èmi, nínú yàrá mi, pẹ̀lú omijé, pé aago méjì lo dé, pé o bá a nílẹ̀. Nígbà wo lo wá rí i tó ń dìde?"

Àǹtí Kọ́tìnnì wo igi, ó wo àbúrò rẹ̀, ìgbà yẹn ni òye ọ̀rọ̀ ìyìn náà yé e. Omijé rẹ̀ dé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wá áńkáṣíìfù.

"Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo fi jáde," ló wí. "Oníbàárà kan ló pè mí ní òdìkejì títì, pé kí n wá fi àpẹẹrẹ aṣọ han òun. Mo ní kí wọ́n má dìde. Mo bẹ̀ wọ́n. Ó di ọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n wọn fèrèsé… Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti wà nílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù bà ọ́, o wá gbé e ru ẹlòmíràn," ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì wí. Ó jókòó. "Ẹnu òrofó ló ń pa òrofó. Ó lé ní ọdún kan tí n kò ti pe ọmọ yìí."

Bàbá Télọ̀ fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó pe Ìyá Olódòdó wá síwájú rẹ̀. "A ṣẹ̀ ọ́. Kí lo fẹ́? Bó bá jẹ́ ilé yìí ni, sọ. Bó bá jẹ́ igi yìí ni, gbé e lọ lónìí."

Ojú pákó náà kò yí padà. "N kò fẹ́ ilé, sà. Igi yìí ga ju yàrá mi lọ. Ẹ jẹ́ kó wà níbi tí wọn á ti máa rí ọgbẹ́ rẹ̀ láràárọ̀. Ilé mẹ́sàn-án ni ẹ̀gbọ́n mi gbé ọ̀rọ̀ mi dé. Mo mọ̀ wọ́n, mo ti kà wọ́n. Mo fẹ́ kí wọ́n padà lọ sí ilé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Mo sì fẹ́ kí èmi náà jókòó níbẹ̀."

"Nínú fóònù ńkọ́?" ni Àǹtí Kọ́tìnnì bẹ̀bẹ̀.

"Ṣé fóònù lẹ fi sọ tàkọ́kọ́?"

Bàbá Télọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni kó rí.

Ìyá Olódòdó kò gba ẹ̀yìn wọ ilé ẹnikẹ́ni mọ́. Sátidé sí Sátidé, àwọn méjèèjì ń jókòó sórí àga kan náà nínú pálọ̀ àwọn mọ̀lẹ́bí, bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó, wọ́n á gbé omi tútù fún wọn, Àǹtí Kọ́tìnnì á sì bẹ̀rẹ̀. Ní ilé àkọ́kọ́, ó rọra sọ ọ́ sínú àyà. Ìyá Olódòdó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún un sọ, etí wọn ò gbọ́." Ní ilé kejì, ó fẹ́ sọ ọ́ lọ́nà ẹ̀bùrú, pé ìkà ayé ló dá wàhálà sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ní, "Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí." Kò fi ìgbà kankan pè é ní ìwọ. Ẹ̀yin àti ẹ jọ̀ọ́ ló fi ń nà án, ó sì ń wọ̀ ọ́ lára ju ẹgba lọ. Ní ilé kẹrin, tí í ṣe ilé ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà yẹn, ó ní kí wọ́n pe ọmọ náà wá láti inú yàrá. Ọmọ náà gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì bi Àǹtí Kọ́tìnnì gbangba pé, "Nítorí náà, ẹ̀yin ni?" Ìyá Olódòdó mu omi rẹ̀ tán ní ilé yẹn.

Ní ilé keje, ọkọ ọ̀kan nínú àwọn ìbátan wọn, ẹni pẹ̀lẹ́ kan, dá wọn dúró. "Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bó ṣe gbẹ. Ọmọ ìyá rẹ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ku ilé méjì."

Àbúrò ìyá ìyá wọn ló wà ní ilé ìkẹyìn, arúgbó tí etí rẹ̀ ti di tipẹ́tipẹ́. Ìyá Olódòdó ti mọ̀ọ́mọ̀ fi ilé náà ṣe ìkẹyìn. Àǹtí Kọ́tìnnì sọ ọ́. "Kí lo wí?" ni arúgbó náà bi í. Àǹtí Kọ́tìnnì gbé ohùn sókè, arúgbó náà ní, "Kọ́tìnnì? N kò fẹ́ ra kọ́tìnnì o!" Àǹtí Kọ́tìnnì pariwo, arúgbó náà ní, "Ta ló wà nílé?" Níkẹyìn, Àǹtí Kọ́tìnnì dìde dúró láàárín pálọ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, ó ké e tí ó dún dé títì: "ÈMI NI MO WÀ NÍLÉ! ÈMI NI MO FI WỌ́N SÍLẸ̀!" Àwọn tó ń wẹ ọkọ̀ níta dá iṣẹ́ dúró. Ẹnì kan yọ orí lójú fèrèsé kejì.

Arúgbó náà mi orí lọ, mi orí bọ̀. "Ṣé ohun tó o fẹ́ sọ látàárọ̀ nìyẹn? Mo ti mọ̀. Ọmọ yìí," ó nàka sí Ìyá Olódòdó, "kì í fi nǹkan sílẹ̀."

Wọ́n jáde, wọ́n dúró níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé èrò. Ọ̀sán ṣì mú. Ohùn Àǹtí Kọ́tìnnì ti há, lọ́fínńdà rẹ̀ ti di òógùn.

"Ṣé inú rẹ ti wá dùn báyìí?"

Ìyá Olódòdó rò ó dáadáa, nítorí ó fẹ́ sọ òtítọ́. "Inú mi kò dùn. Ṣùgbọ́n mo lè mí."

"Ìgbà wo lo máa dárí jì mí?"

"Ẹ ò tíì bẹ̀ mí. Ilé mẹ́sàn-án lẹ lọ, ẹ ò tíì dé tèmi."

Àǹtí Kọ́tìnnì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó wo títì síwá, ó wò ó sẹ́yìn. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an.

"Níbo lò ń gbé?"

Bọ́ọ̀sì dé. Ìyá Olódòdó wọ̀ ọ́, ó jókòó, ó kó báàgì rẹ̀ lé itan. Kò sọ àdírẹ́sì náà fún un. Gbogbo ẹbí ló ti mọ̀ ọ́n báyìí. Kó lọ béèrè lọ́wọ́ wọn.